Ọkọ̀ Ìjàpá tó ń sùn níta: ohun tí mo ti kọ́

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ kò sì ní gáréèjì, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa sọ fún yín ni pé kí ẹ ra tapólì, kí ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì rà á, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná.

Volkswagen Beetle ni tèmi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Bàbá mi ló rà á. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yẹn náà sì ni owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé wá di ẹni tó ń tẹ fèrè. Ní báyìí, ilé háyà ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, gbangba ìta sì ni ọkọ̀ náà ń sùn. Bàbá onílé ti sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́ ohunkóhun tó ní ìpìlẹ̀ nínú ọgbà àwọn. Mi ò bá wọn jà. Ilẹ̀ wọn ni.

Òjò tó rọ̀ sórí irin, tí oòrùn sì gbẹ ẹ́ lẹ́yìn náà, kò lè ṣe ju díẹ̀ lọ. Omi tó ń jẹ mọ́tò ni èyí tó wọ kọ̀rọ̀ kan tí kò rọ́nà jáde: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí bátìrì jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí tapólì náílọ́ọ̀nù tí ẹ fi wé mọ́tò fi ń bà á jẹ́ ju òjò fúnra rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ máa ń mí ooru omi jáde lálẹ́. Ooru yẹn á gòkè, á kan náílọ́ọ̀nù tó ti tutù, á di omi, á sì máa kán padà sórí mọ́tò. Ẹ ká tapólì sókè láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá, kí ẹ fọwọ́ kan òrùlé ọkọ̀. Ẹ máa bá a ní tútù. Tó bá tún wá di ìgbà ọyẹ́, erùpẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á máa gbọ̀n ọ́n, tapólì á sì máa ha ọ̀dà bíi sáńpépà. Àwọn tó wà ní Èkó tilẹ̀ tún ní ti iyọ̀ òkun inú afẹ́fẹ́ láti bá jà, pàápàá lọ́nà Lẹ́kí àti Àgbádárìgì. Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, kì í jẹ́ kí irin gbẹ.

Ẹ wá lè ra tapólì náà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sókè, ẹ má fi wé ọkọ̀. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ní kí wẹ́dà gé páìpù irin mẹ́fà fún mi, kó so wọ́n pọ̀ lókè pẹ̀lú bóòtù, kó má jó wọn pọ̀, kí n lè tú gbogbo rẹ̀ kó lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde nílé yìí. Ẹsẹ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 tí a da kọnkéré kún. Ọ̀kan nínú rẹ̀ tẹ̀wọ̀n tó kílò 45, kò sì sí ìpìlẹ̀ kankan nílẹ̀ tí bàbá onílé máa rí. Òrùlé tapólì yìí gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí omi bá gbára jọ sí àárín tapólì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó máa tẹ páìpù sórí ọkọ̀ tí ẹ ń dáàbò bò. Ẹ jẹ́ kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín òrùlé ọkọ̀ àti tapólì, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè kọjá.

Ẹ má fi okùn líle so tapólì yẹn mọ́ páìpù. Ẹ lọ bá fọgánáísà, ẹ ní kó gé túùbù táyà tó ti bàjẹ́ fún yín ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá dé ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, rọ́bà á fà, á sì padà. Okùn á fa tapólì ya láti ojúhò rẹ̀, tàbí kó gbé gbogbo rẹ̀ dání lọ sílé aládùúgbò. Àwọn kan fẹ́ràn páànù. Páànù dára bó bá ní ohun tó dì í mọ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọnkéré, èmi kò lè sùn lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí mọ́tò sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún máa gbọ́ tí wọ́n á ní ṣebí igi wà, ẹ gbé e sábẹ́ igi. Abẹ́ máńgòrò kọ́ o. Oje rẹ̀ ń jẹ ọ̀dà, èso rẹ̀ ń tẹ òrùlé, àwọn ẹyẹ tó ń sùn lórí rẹ̀ sì ń yàgbẹ́ sílẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ásíìdì nínú. Tí oòrùn bá pa á gbẹ lórí ọ̀dà, àpá rẹ̀ kì í lọ. Ẹ da omi sí i kó rọ̀ kí ẹ tó nù ún, ẹ má fi èékánná yọ ọ́.

Ilẹ̀ ibi tí ẹ bá gbé e sí ṣe pàtàkì tó òrùlé. Pẹlẹbẹ irin ni gbogbo abẹ́ Ìjàpá, kò sì jìnnà sílẹ̀. Bí koríko bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìrì kì í kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi máa mú dáadáa. Mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sílẹ̀, mo da gránáìtì lé e lórí. Kò wọ́n, bàbá onílé pàápàá sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dání. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ojúhò kéékèèké tí omi ń gbà jáde, nítorí kò sí rọ́bà fèrèsé tí kì í jẹ́ kí omi díẹ̀ wọlé. Ewé àti erùpẹ̀ máa ń dí wọn. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn tú wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún tú wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí iwájú, ẹ gbé táyà àfirọ́pò jáde, ẹ wo kòtò tó ń jókòó sí: omi fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ẹ ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọkọ̀ ní àsìkò òjò, kó wà nínú ilé. Irin tó wà ní gbangba ẹ lè rí. Èyí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tútù, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá já sí títì lẹ máa tó mọ̀.

Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí pé ásíìdì rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ẹ gbé bátìrì náà sínú abọ́ ike. Ẹ rí i pé ìdérí wà lórí ẹnu rẹ̀ méjèèjì: sípíríìnì irin ló wà nínú ìjókòó yẹn, bí ẹni tó sanra bá sì jókòó, tí sípíríìnì kan bátìrì, iná lè sọ. Bí mọ́tò kò bá ní jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ wáyà ẹnu kan. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bí fólìtì 12.6; ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ dé 12 kí ẹ tó ṣájì í.

Àwọn ẹranko wá ńkọ́? Ewúrẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ ń rò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á gun bọ́ńpà, wọ́n á dé bọ̀nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì lọ dúró sórí òrùlé máa wo àdúgbò. Ṣùgbọ́n eku ló lè pa Ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí i lára ló ń mú un tutù. Inú páànù tó bo fáànù yẹn gbóná fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣókùnkùn, ó sì fara pamọ́. Eku á kó àkísà àti ewé sínú rẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé mọ́tò jáde, ẹ kò ní rí nǹkan kan, nítorí Ìjàpá kò ní ohun tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn. Iná pupa iwájú yín ń sọ fún yín bí fáńbẹ́ẹ̀tì bá já. Kò mọ nǹkan kan nípa eku. Torí náà, bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu fáànù kí ẹ tó tiná sí i. Mo fi nẹ́ẹ̀tì irin wẹ́wẹ́ dí ẹnu sàlẹ́ńsà nítorí agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé, mo sì so aṣọ pupa mọ́ ìtọ́kọ̀ kí n má bàa gbàgbé láti yọ ọ́. Káńfọ̀ tí àwọn ènìyàn ń kó sínú ọkọ̀ kò lé eku kankan tí mo mọ̀. Ẹni tó ń wà á ló ń lé.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi wò ó, tó ti ń tún Ìjàpá ṣe kí n tó dáyé, bá mi lọ́jọ́ kan tí mo tiná sí ọkọ̀ lójú kan kí bátìrì lè gba iná. Wọ́n ní, "Àbúrò, pa á. Omi lò ń fún sàlẹ́ńsà mu."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gan-an ni mò ń bá ọ wí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Epo tó bá jóná máa ń mú omi wá. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dáadáa á fi omi yẹn sílẹ̀ nínú sàlẹ́ńsà àti nínú ọ́ìlì, irin á sì máa jẹ láti inú. Ẹ wà á fún ìdajì wákàtí ní títì, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé pẹ̀lú, lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń gbà, kò sì ní fílítà gidi, asẹ́ ni.

Táyà àti búrékì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fẹ́ táyà kún ju ti ojoojúmọ́ lọ bí ọkọ̀ bá máa dúró, bíi 35 sí 40 PSI lójú géèjì, bí ohun tí wọ́n kọ sára táyà bá gbà á, kí ó má bàa pẹlẹbẹ lójú kan. Ẹ má fa háńdì búrékì sílẹ̀ lásìkò òjò, torí búrékì lè lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ fi í sí gíà, kí ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń ra táyà, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ẹ fi gilisérìn pa rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé kí oòrùn má bàa là á. Ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò pa á, ó máa wú. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ndẹ́mù, ni àwọn páńẹ́bítà kan fẹ́ máa fọ́n sábẹ́ ṣásí, àwọn míràn á sì fẹ́ kun ọ̀dà dúdú tó nípọn bí ìpẹtà bá ti wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ha ìpẹtà yẹn títí irin fúnra rẹ̀ fi hàn. Bí wọ́n bá kun nǹkan lé e lórí, omi ti wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́.

Ohun tó kù ni rọ́bà epo. Rọ́bà tó ń gbé epo dé kabúrétọ̀ máa ń gbẹ, á là, pàápàá lára ọkọ̀ tó ń dúró nínú ooru. Epo á sì kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú kílíìpù tó mú un dáadáa, kó tó là. Àpótí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní magnesium nínú, irin fúyẹ́ kan tí omi kò lè pa bó bá ti gbiná. Torí náà, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ẹ ra agolo pupa oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pa iná, kí ẹ lè fi pa iná epo kó tó ràn mọ́ magnesium yẹn, kí ẹ sì so ó mọ́ iwájú ìjókòó àwakọ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.