Ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó wà nínú ọjà tí à ń ná lójoojúmọ́

Nígbà tí ẹbí bá jókòó ṣírò ìnáwó ìgbéyàwó, oúnjẹ, aṣọ ẹbí àti gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Owó ọ̀ṣọ́ kì í sábà yọjú títí ọjọ́ yóò fi súnmọ́lé, tí ẹni tí yóò ṣe é yóò sì dá iye kan tí yóò mú kí bàbá ìyàwó dákẹ́. Èmi ni ẹbí fi ọ̀ṣọ́ ìdána àbúrò mi obìnrin lé lọ́wọ́ ní Adó-Èkìtì, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ níwájú mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń bu ẹwà kún gbọ̀ngàn wà lórí àtẹ àwọn tí kì í ta ọjà ìgbéyàwó rárá. Bí orúkọ ìyàwó bá ti wọ inú ọjà, owó rẹ̀ a gbẹ́nu sókè. Agbọ̀n kan náà tí aláta ń rà ní Ọjà Ọba láti fi kó ata ni wọ́n ń we ríbọ́ọ̀nì mọ́ létí ní ìsọ̀ mìíràn, tí wọ́n á sì máa tà á ní ọ̀wọ́n gógó.

Aṣọ ni mo kà sí pàtàkì jù, torí òun ni ojú àlejò ń kọ́kọ́ bà lé. Kí ẹ tó lọ yá aṣọ tábìlì, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ní yáàdì fún àwọn télọ̀. Tábìlì gígùn tí à ń lò lóde sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 30, gíga rẹ̀ náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Bí aṣọ bá fẹ̀ tó ínǹṣì 60, yáàdì 4 ti tó o: yóò bo orí tábìlì, yóò balẹ̀ níwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan yóò sì ṣẹ́ kù fún télọ̀ láti fi ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni kò ní bò, ẹni tó sì jókòó síbẹ̀ ni yóò rí i. Ẹ tètè bẹ télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí kó má gbá àjákù rẹ̀ dànù, nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tí a bá tẹ́ sí àárín aṣọ tábìlì náà yóò mú kí tábìlì bá aṣọ ọrùn àwọn ẹbí mu.

Igbá la fi kó obì, orógbó, ataare àti oyin sí. Ìyá tó tà á fún mi kò jẹ́ kí n kàn fi ojú ṣà á. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, fi ìka kàn án kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, èyí tó bá dún gan-an ló ti gbẹ, kò ní hu sí ọ lọ́wọ́.” A kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹní Ògòtún ni inú mi dùn sí jù. Ògòtún-Èkìtì ti lórúkọ tipẹ́ nínú ẹní híhun, ọnà ara ẹní náà sì dára ju ògiri òdòdó oníke tí wọ́n ń háyà lọ, lójú tèmi. A so wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó tọkọtìyàwó, a sì tẹ́ mìíràn síwájú kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ lé e lórí. Òde parí, tọkọtìyàwó sì kó wọn lọ sí ilé wọn.

Ẹnìkan dábàá pé ká fi mọ̀rìwò ṣe ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá wa àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ibi orò ni mọ̀rìwò ń gbé. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù la lò dípò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni a sì gé e nínú oko.

Ní ti iná wẹ́wẹ́ aláràbarà, ẹ rà á lẹ́yìn Kérésìmesì, nígbà tí àwọn tó kó o wá ń fẹ́ kí ó kúrò ní ìsọ̀. Kí ó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àbẹ́là kò sì yẹ nítòsí aṣọ tó ń tètè gbiná.

Kí ẹ tó ra ìṣó, ẹ bi ẹni tó ni gbọ̀ngàn bóyá ó gbà kí a kàn án mọ́ ògiri. Tiwa kò gbà. Okùn ni a fi so àwọn ẹní náà mọ́ irin tí a yá lọ́wọ́ àwọn oníkánópì, wọ́n sì dúró digbí títí a fi tú wọn.