Yorùbá Yín Ni Kẹ́ Ẹ Fi Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń múra WAEC àti JAMB, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ní yunifásítì tí IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà fún yín, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnì Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí kọ́ jù nínú iṣẹ́ náà ni pé ọmọ tó bá mọ bí Yorùbá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kíá ló máa ń rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ń sá fún Yorùbá ni Yorùbá ń yọ sí lẹ́nu níbi tí kò ti retí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti sanwó ìtanràn rí nílé ìwé torí pé ẹ sọ "vernacular". Kí ni wọ́n rí gbà níbẹ̀? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu wa. Màmá nìkan ló ń pe ọmọ, ẹnì kan á sáré wá sọ fún un pé "They are calling you." "Wọ́n" ọ̀wọ̀ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní in. "She is calling you" kì í ṣe àrífín. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó" wa ṣe ń ru ẹrù "he", "she" àti "it" pọ̀. Ẹ sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sọ́jà, ẹ sọ ọ́ sókè ketekete láìdúró ronú. Kò ní pẹ́ tí ìyàwó á fi di "he". Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbìyànjú lójoojúmọ́, torí pé tẹnutẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ èyí.

Èyí tó ń jẹ máàkì jù nínú àròkọ ni "ti". Ní Yorùbá, "mo ti rí i lánàá" kò ní àléébù kankan. Ẹ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ó di "I have seen him yesterday", àṣìṣe sì ni. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ àná, ọdún tó kọjá tàbí 2019, "have" gbọ́dọ̀ lọ: "I saw him yesterday." Ẹ yọ àná kúrò, "have" á padà wá. Tẹ́ ẹ bá kọ àròkọ tán, ẹ wá gbogbo "have" inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àkókò kan wà nítòsí rẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Ìmọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà. Torí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ "s", a wá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan: "advices", "equipments", "furnitures". Àwọn wọ̀nyí kì í gba "s" rárá.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í ṣe elénìní nígbà gbogbo o. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀-ìṣe alápá méjì bíi "put off" àti "give up". Ẹ̀yin náà kúkú ní in! Ẹ̀ ń sọ pé "ó ba aṣọ mi jẹ́", "mo gba Ọlọ́run gbọ́". Ta ló ń ya "bà" sọ́tọ̀ kó máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri? Òdindi lẹ mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú nǹkan tó máa ń wọ àárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe kọ "put off" sínú ìwé yín, nínú gbólóhùn tẹ́ ẹ lè sọ lónìí: "They put the match off because of rain."

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni pépà kẹta WAEC, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan ní lẹ́tà ńlá, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ìbéèrè tí gbólóhùn náà ń dáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú "Sade BORROWED the bicycle." Gẹ̀ẹ́sì ń fi agbára ohùn tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, àwa ń fi "ni" ṣe é. Torí náà, ẹ gbé "ni" lé ọ̀rọ̀ tó wà ní lẹ́tà ńlá: "Yíyá ni Sadé yá kẹ̀kẹ́ náà." Kò rà á, kò sì jí i. Ìdáhùn ti jáde: "Did Sade buy the bicycle?" Ká ní SADE ni wọ́n kọ gàdàgbà ni, á di "Sadé ló yá a", ìbéèrè yín á sì jẹ́ "Did Bola borrow the bicycle?" Àwọn ọmọ tó ti ń méfò láti ọjọ́ yìí wá, tí mo bá fi "ni" hàn wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí.

Ní ti gírámà ńláńlá, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bọ́ sí àyè rẹ̀ ń gba máàkì ju ọ̀rọ̀ gígùn tó ń kọsẹ̀ lọ.

Àkànlò èdè ló kù. Ìwọ́nba aṣọ téèyàn ní ni Gẹ̀ẹ́sì ní kó fi dá ẹ̀wù: "Cut your coat according to your cloth." Lọ́dọ̀ wa, "size" la máa ń sọ, ọgbọ́n sì wà nínú ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òwe ni ràkúnmí ọ̀rọ̀, ohun tó ní lọ́kàn á yé yín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín títí. Bí àkànlò ṣe rí níyẹn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Nínú ìdánwò, "More power to your elbow" ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Bódìjà, ẹ fi "grease" sí i bó ṣe wù yín, kò sẹ́ni tó máa yọ máàkì yín.