Léèsì tó sun inú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Alẹ́ Jímọ̀ kan ni, aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀. Alhaja kan pè mí: "Ìyá Ìbejì, ṣé kí n máa bọ̀ wá gba aṣọ mi?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ó di òwúrọ̀. Bí mo ṣe yíjú sẹ́yìn máṣíìnì báyìí, léèsì wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Sátidé, ìyẹn ọjọ́ kejì, ni yìgì ọmọ wọn. Iná ò sí ní gbogbo Tankẹ. Tí mo bá yọ owó epo tí jẹnẹrétọ̀ mu mọ́jú kúrò nínú owó iṣẹ́ náà, ohun tó ṣẹ́ kù ò ra wàrà.

Kì í ṣe pé n kò kọ ọ́ sílẹ̀ o. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọṣẹ́ mi ló ya ojú ewé yẹn, ó fi gé pátánù ọrùn. (Pátánù náà dára, kí n má purọ́.)

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí màá máa fi to iṣẹ́ sórí fóònù nìyẹn. Àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin bá mi fi Todoist sí i. Ó ní tí mo bá ti kọ "every Friday", áàpù náà fúnra rẹ̀ á mọ ọjọ́ tí mo ń wí. Mo kọ "gbogbo Jímọ̀", kò dá mi lóhùn. Mo wá ń ṣí project (àkójọ iṣẹ́) kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹni kẹfà, ó ní ó parí, márùn-ún péré ni ti ọ̀fẹ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi ni mo lò ó sódì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀.

Áàpù míì, Trello, wù mí. Lójú fóònù, o lè gbé orúkọ aṣọ láti abẹ́ "gígé" lọ sí "rírán", lọ sí "sípì àti bọ́tìnì", títí dé "ó ti jáde". Àmọ́ ọmọṣẹ́ méjì ni mo ní, iwájú mi ni wọ́n jókòó sí. Mo lè pariwo pè wọ́n, n kò nílò áàpù kí n tó mọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé.

Microsoft To Do ni mo wá dúró sí. Ó ní ojú ewé kan tó ń jẹ́ My Day, tó máa ń ṣófo ní àràárọ̀. Iṣẹ́ àná tí n kò parí ò sọnù, ó wà nínú àkójọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni màá mú èyí tí agbára mi ká lónìí. N kò fẹ́ ohun tó máa fi àwọ̀ pupa ka gbèsè sí mi létí kí n tó mu ẹ̀kọ.

Ohun kan wà tí áàpù kankan ò kọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba aṣọ ni mo máa ń kọ. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo máa gé e ni mò ń kọ. Aṣọ tí a ti gé, orí tábìlì ló máa wà, gbogbo wa la ó máa rí i. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ni ọ̀tá mi.

Ìwọ̀n ara ènìyàn ò wọ inú fóònù mi ṣá. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀ffà lo Wunderlist, áàpù irú èyí náà tí wọ́n ṣe ní Berlin, títí ó fi mọ́ ọn lára. Microsoft rà á ní 2015, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 2020. Wọ́n fàyè gba kéèyàn kó ẹrù rẹ̀ wá sínú To Do yìí kan náà, àmọ́ èmi ti gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni ìwọ̀n wà, inú dúrọ́ọ̀ tí mo ń tì ni ìwé náà sì wà.

Alhaja yẹn padà wá ní Àtàláátà. Wọ́n gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà kalẹ̀, wọn ò jókòó.

"O ti kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo ní mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, mà. Wọ́n nawọ́ gba fóònù, wọ́n gbé awò sójú, wọ́n kà á: "Gígé, Alárùba." Wọ́n dá a padà fún mi.

"Ọ̀la nìyẹn. Màá yà."