Owó Mi Dà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo jí ohùn Àlàájà. Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan burúkú kankan. Ogun ni mo fẹ́ fi jà.

Gémù kan wà tó ń jẹ́ Age of Empires II. Ó jáde ní 1999, ó ju àbúrò mi obìnrin lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ òun ni láptọ́ọ̀pù mi lè gbé láìgbóná bí ààrò. Wàá gé igi, wàá wa góòlù, wàá kó ọmọ ogun jọ, wàá lọ ba ìlú onílùú jẹ́. Àwọn èèyàn a máa gbá a bó ṣe wà. Èmi kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú rẹ̀ ni mò ń tú.

Ohun tó wà nínú ikùn gémù yẹn pọ̀ ju ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ àwọn nǹkan kan, wọn ò parí wọn, wọn ò sì kó wọn dànù, wọ́n kàn tì wọ́n sẹ́yìn bí ìgbà téèyàn ti ìkòkò tó sán sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun èlò kan tó ń jẹ́ Advanced Genie Editor ni mo fi ń yọjú wò wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti rí ògiri kan tí wọ́n ṣe kó dúró lórí omi. Lórí omi o! Ilé ìṣọ́ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá gémù náà lásán kò ní rí ibi tó máa tẹ̀ láti kọ́ ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ ti mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àjòjì ò wọ̀ ọ́. Wọ́n gbẹ́ Erédò yí ilẹ̀ ká, yàrà àti òkìtì tó gùn tó 160 kìlómítà. Níbòmíì, kẹ́ ẹ tó gbójú sókè rí ibi tó parí sí, fìlà á ti bọ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ ní 1892, omi ni wọ́n gbà. Wọ́n gba ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rìn wá bá wa jà ní Ìmàgbọ̀n. Mo ní, bí ògiri orí omi bá wà ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ya máàpù yẹn.

Ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ò sì gbọdọ̀ máa sọ òyìnbó. Nínú gémù náà, tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà ránṣẹ́, ohùn kan á dún: 3 ń tọrọ oúnjẹ, 4 ń tọrọ igi, 5 ń tọrọ góòlù, 11 ń rẹ́rìn-ín. 30 ni "wololo", igbe tí àlùfáà inú gémù àkọ́kọ́, ti 1997, fi ń yí ọ̀tá lọ́kàn padà. Ẹni tó wọ pupa á di ẹni tó wọ búlúù. Fáìlì MP3 lásán ni wọ́n. Ẹ gbé tiyín sínú fódà náà, ẹ sọ ọ́ lórúkọ kan náà, ó parí.

Ta ni mo tún fẹ́ fi ṣe nọ́ńbà 5 bí kì í bá ṣe Àlàájà? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, gàrí ni wọ́n ń tà, àwọn onígbèsè kan sì wà tó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí nítorí wọn. Mo lọ ra gàrí, mo tan fóònù sínú àpò, mo dúró títí ọ̀kan nínú wọn fi ṣèèṣì kọjá. "Owó mi dà? Mo ní, owó mi dà?" Ó mọ́ gaara.

Lọ́jọ́ Sunday, ẹbí pé sí pálọ̀ wa lórí aṣọ Ojúde Ọba. Bàbá mi ní kí n gbé spíkà ńlá síbẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ orin bí ìpàdé bá parí. Mo gbé e síbẹ̀, mo tàn án, mo padà sí yàrá, mo ki earpiece bọ etí.

Mo tẹ 5. Kò dún.

Mo ní bóyá mo ṣi orúkọ fáìlì kọ ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ṣì í kọ. Mo gbé ohùn sókè dé òpin. 5. Kò dún. Mo yọ earpiece, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo kì í padà. 5. 5. 5. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dán àwọn tí mi ò fọwọ́ kàn wò. 11. Kò dún. 30. Kò dún.

Ìgbà yẹn ni mo tó fura pé pálọ̀ dákẹ́. Ìpàdé ẹbí Ìjẹ̀bú, lórí ọ̀rọ̀ owó, tó dákẹ́ rọ́rọ́! Mo wo láptọ́ọ̀pù. Bluetooth ti lọ bá spíkà.

Àbúrò mi tó ń pín mínírà ló ròyìn ìyókù. Bọ̀dá Akápò ló wà lórí ìdúró, wọ́n ń ṣàlàyé pé gbogbo owó aṣọ ti wà lọ́wọ́ aláṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ́. Ni spíkà bá bú láti igun ilé: "Owó mi dà?" Gbogbo ojú yí sí Àlàájà. Ọ̀jọ̀jọ̀ kún ẹnu Àlàájà, ètè wọn ò mì. Àṣé ìyẹn ló ba Bọ̀dá Akápò lẹ́rù jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀ lọ́wọ́ mi." Spíkà tún bèèrè. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni. Ó tún bèèrè, ó tún bèèrè. Wọ́n ní ogójì náà ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Ibẹ̀ ni 11 ti bọ́ sí i, ẹ̀rín kèékèé.

Wọ́n ní ọgọ́rin ni.

Bàbá Àgbà sì rèé, láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń ta kú pé aṣọ pupa làwọn máa wọ̀, ẹni bá fẹ́ búlúù kó lọ dá ẹbí tiẹ̀ sílẹ̀. Spíkà ní, "Wololo!" Bàbá Àgbà di ọ̀pá wọn mú. "Ẹ ra búlúù. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó tún un pè."

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Àlàájà gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé.

"Kí ni ohùn mi ń ṣe nínú ẹ̀rọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀ ń bá wa gba góòlù, mà, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má bàa gba Ẹ̀pẹ́ wọlé."

"Ṣé wọ́n ń san án?"

"Wọ́n ń san án, mà."

Wọ́n mi orí, wọ́n jáde. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ ra gàrí kóńgò mẹ́rin. Àlàájà gba owó mẹ́rin, wọ́n wọn mẹ́ta, wọ́n sì di àpò náà pa. Mo ní, Àlàájà, ó ku kóńgò kan.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Gbogbo góòlù tí ohùn mi ń bá ọ gbà látijọ́ yìí, owó mi dà?"