Ìròyìn ti kó wọnú fóònù
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nílé wa ní Kétu níbí, tí rédíò bá ń ka ìròyìn tẹ́lẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ báyìí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú láàárọ̀, ohùn táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó ń bà mí lẹ́rù gan-an.

Ìwé ìròyìn Seattle Post-Intelligencer l'Amẹ́ríkà ò tẹ̀ jáde lórí pépà mọ́ láti 2009, The Independent ti Lọ́ńdọ̀nù náà dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 2016, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n kù sí. Owó ìpolówó ti lọ sọ́dọ̀ Google àti Facebook. Ta ló wá máa sanwó fún oníròyìn tó máa gun sẹmijan, ìyẹn ọ̀kadà, lọ wádìí ọ̀rọ̀ lábúlé?