Ohùn Mi Ti Padà, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kọrin ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹsẹ kan péré ni, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ délẹ̀, ohùn ò sì há. Omijé ò jẹ́ kí n rí ojú fóònù dáadáa bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé oge ni mò ń fi ìborùn ṣe lórí pẹpẹ. Nígbà tí mi ò lè mí dáadáa mọ́ ni dókítà ní àfi kí àwọn gé e. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni iṣan tó ń darí ohùn gbà kọjá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pé òun á ṣọ́ wọn bí ẹyin ojú.

Ni ẹnu bá ń kùn. "Ìwọ ọmọ ìsọjí Òkè-Òoyè, abẹ lo fẹ́ lọ fi ara fún?" Wọ́n ní láti 1930 tí Ọlọ́run ti lo Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà, omi àdúrà ti tó. Mo gba omi ìyè gbọ́, mo sì mu ún. Ọlọ́run tó ń bẹ nínú omi náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n. Ẹnì kan tún wà, alẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ iṣẹ́ abẹ ló fi ìtàn Amelita Galli-Curci ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbajúmọ̀ akọrin tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ ní Chicago ní 1935, tí ohùn rẹ̀ ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí lo fẹ́ kí n fi ìyẹn ṣe lóru ọjọ́ náà? Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe irú ẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì ní kí n dárúkọ ara mi. Mo yanu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún un ṣe, afẹ́fẹ́ náà ni. Mo wo ojú rẹ̀, ó yáa gbójú kúrò, ó ń tún omi tí wọ́n fà sí mi lára ṣe. Orin ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi tọ́mọ, òun náà ni mo fi ń gbàdúrà. Dókítà ní iṣan náà ò já, pé ó lè gba oṣù mẹ́fà kó tó bọ̀ sípò, ó sì lè tó ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹlẹ́gbè mi, Ìyá Ìbejì tó máa ń dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń pè é, owó gidi ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, kò lọ. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. A ó bu omi sí ife, a ó ti sitírọ́ọ̀ bọnu, a ó máa kùn "hùùù" sínú omi títí yóò fi máa hó, bí olùtọ́jú ohùn ní ọsibítù ṣe kọ́ wa. Tèmi kì í hó, òun náà á wá rọra fẹ́ tiẹ̀ kó má bàa ju tèmi lọ. Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sórí dò, rè, mí. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé sọ́ọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo "Halelúyà" débi pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì, Olúwa ò ní jẹ́ kí o wá olùrànlọ́wọ́ tì láé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè owó àsansílẹ̀ yín kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dùn mí, ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú ewu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní torí mo fi ohùn ṣòwò ni Ọlọ́run ṣe gbà á, Ọlọ́run náà ti dá a padà o.

Ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yé fi ìborùn bo ọrùn. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ gbé omi mì. Bí kókó tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá yọ, ẹ tètè lọ fi han dókítà. Orógbó àti ẹyin tútù kì í wo gẹ̀gẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún wọn pé orin ni iṣẹ́ yín.

Ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù yìí la ó ṣe ìdúpẹ́, aṣọ funfun la ó wọ̀. Orin méjì ni dókítà ṣì gbà mí láyè láti kọ. Ìyá Ìbejì ló máa dá ẹ̀kẹta, ẹ̀yin lẹ máa gbè é.