Kí ẹ tó yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jù nù

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá bá mi nítorí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló ti pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Iná "check engine" tàn, ẹnì kan ki sikánà bọ̀ ọ́, sikánà dárúkọ sẹ́ńsọ̀, wọ́n ra òmíràn, wọ́n dè é, wọ́n pa kóòdù rẹ́. Kò pẹ́, iná tún tàn. Wọ́n á wá ní, "Ọ̀gá, ayédèrú ni wọ́n tà fún wa." Ayédèrú wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n mú èyí tí wọ́n yọ wá, tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i pé kò sóhun tó ṣe é.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, mi ò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ti bá mu tó ìdí sikánà. Kóòdù kò ní kí ẹ pààrọ̀ nǹkan kan. Ibi tí ọpọlọ ọkọ̀ ti rí ohun tí kò yé e ló ń tọ́ka sí. Ó kù kí ẹ gbọ́ tẹnu sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ara páìpù sálẹ́ńsà ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń gbé. Orí rẹ̀ wà nínú èéfín, ìdí rẹ̀ wà níta, ó sì ń fi ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín wé ti afẹ́fẹ́ ìta. Nínú irú tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n fi zirconia ṣe, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń di iná mànàmáná kékeré. Bí ọ́síjìn bá ṣẹ́kù púpọ̀, ìyẹn ni pé epo kéré, iná náà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì (volt) 0.1. Bí epo bá pọ̀ jù, á gòkè sí nǹkan bíi 0.9. Ìlà àárín wọn ni 0.45. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1 ni ọpọlọ ọkọ̀ ń lé kiri, ó ń bu epo kún un, ó ń dín in kù, fóòtì náà sì ń lọ sókè sódò tẹ̀ lé e. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ iwájú, ìyẹn èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó bá wà láàyè kì í dúró sójú kan. Volvo ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ títà, ní 1976, Bosch ló sì ṣe é. Ti ìgbà náà kò ní hítà, ooru èéfín nìkan ló gbójú lé. Kò sì lè sọ òdodo kankan títí yóò fi gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 300 lọ lórí Celsius. Ìdí nìyẹn tí tòde òní fi ní hítà tirẹ̀ nínú.

Hítà yìí ló ń mú kóòdù P0135 wá, òun ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí nítorí kóòdù yìí, tí iná ò sì yé tàn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tú ẹnu wáyà rẹ̀ kó wọn hítà náà nígbà tó ṣì tutù.

"Ọ̀gá, ó gbé ọ́ọ̀mù mẹ́fà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wáá wo bóyá iná ń dé ẹnu wáyà tó ti inú ọkọ̀ wá."

Ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó fi mítà kàn án, kò sí nǹkan kan. Òfo. Hítà sàn, àmọ́ kò sẹ́ni tó fún un ní iná. A lọ wo fíúsì, ó ti jó. A fi òmíràn sí i, ìyẹn náà jó lójú wa. Bí fíúsì tuntun bá jó bẹ́ẹ̀, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́, wáyà ni kí ẹ tọ̀. A tọ̀ ọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Kílíìpù tó yẹ kó gbé wáyà náà dúró ti já, wáyà ti wálẹ̀ sùn lé páìpù sálẹ́ńsà, rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́, kọ́pà inú rẹ̀ ti hàn, ó sì fara kan irin. Inú páìpù náà ni gbogbo iná hítà ń lọ. A so wáyà náà, a fi ìbòrí tí ooru kì í jẹ wọ̀ ọ́, a gbé e jìnnà sí páìpù, a fi fíúsì sí i. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yọ jù nù ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹjọ́ kejì le ju ìyẹn lọ, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà. P0171 ni, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Àwọn kan á ní sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Ó lè máa purọ́ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló ń sọ òdodo nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ rèé: mo máa ń mú ọkọ̀ náà gbóná dáadáa, mo á ṣí àwòrán fóòtì sẹ́ńsọ̀ iwájú lórí sikánà, mo á wá fi ọwọ́ ara mi da epo àti afẹ́fẹ́ náà rú. Mo á fín carb cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀, díẹ̀ sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ (ẹ ṣọ́ra, iná lè gbà á, ẹ má fín in sí ibi tó gbóná). Fóòtì gbọ́dọ̀ fò lọ sókè sí 0.8 tàbí 0.9 kíá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo á yọ họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan lára intake, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ àlejò lè wọlé. Fóòtì gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ kíá bákan náà.

Bó bá fò tó sì já bó ṣe yẹ, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ o. Bó bá ń rá pálá gòkè tó tún ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, irú rẹ̀ ló máa ń mú P0133 wá. Bó bá sì dúró gbagidi sí ibì kan láìka ohun tí ẹ ṣe sí, tí hítà àti wáyà rẹ̀ sì ṣe déédéé, ó ti kú nìyẹn. Ẹ lè sin ín.

Ohun kan wà tí mo máa ń tún sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ títí tí etí á fi kún. Ọ́síjìn ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń rí, kò rí epo rárá. Bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá ta iná, epo àti afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà á jáde láìjó. Epo rẹpẹtẹ wà nínú èéfín náà, imú yín gan-an á gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí kò jó náà bá a jáde, òun ni sẹ́ńsọ̀ rí, ó sì máa ròyìn pé epo kéré. Ọpọlọ ọkọ̀ á gbà á gbọ́, á tún bu epo kún un. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń mu epo nímukúmu, tí sikánà sì ń sọ pé epo ò tó! Ẹni tó bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ nídìí ìyẹn, púlọ́ọ̀gì ṣì ń dúró dè é.

Bákan náà ni gásìkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù tó ti jó, tàbí páìpù tó sán ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Èéfín kì í jáde geere, ńṣe ló ń tú jáde lẹ́sẹẹsẹ, láàárín ìtújáde kan sí èkejì páìpù á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti ojú sísán náà. Ẹ máa gbọ́ ọ, "tì-tì-tì", nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí ọkọ̀ tó tutù, ẹ sì máa rí ibi tó ti dúdú kirikiri lójú oríkèé páìpù.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti jẹ́rìí pé òun ò purọ́, fuel trim lórí sikánà ló kù kí ẹ wò, ìyẹn bí ọpọlọ ọkọ̀ ṣe ń fi epo kún un tàbí tó ń dín in kù tó. Bó bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, tó wá ń wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹná dé nǹkan bí 2500 RPM (ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan), ibì kan ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn throttle, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹná ló ń burú sí i, ẹ yẹ pọ́ǹpù epo, fílítà epo àti MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, wò.

Ẹ mọ irú èyí tó wà lára ọkọ̀ yín o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, sẹ́ńsọ̀ air-fuel ratio, tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ sí epo, ni wọ́n fi síwájú, kì í sì í lọ láàárín 0.1 sí 0.9. Ẹni tó bá dúró dè é kó máa jó sókè sódò bíi ti irú àkọ́kọ́, á kàn dá a lẹ́jọ́ ikú ni. Ẹ mọ ipò náà pẹ̀lú: bank 1 ni ẹ̀gbẹ́ tí sílíńdà kìíní wà, sensor 1 wà ṣáájú katalísìtì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù), sensor 2 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti ẹ̀yìn yìí kò gbọ́dọ̀ máa jó sókè sódò. Ó yẹ kó dúró pẹ̀sẹ̀, nítosí 0.6 tàbí 0.7. Bí P0420, tó ń sọ pé katalísìtì ò ṣiṣẹ́ tó, bá jáde, tí ti ẹ̀yìn sì ń jó bíi ti iwájú, katalísìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, bí kò bá sí ojú sísán lára páìpù.

Sẹ́ńsọ̀ tó bá kú tán, ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí ó bá funfun bí ẹni da ẹfun lé e, sílíkóònù tàbí omi rédíétọ̀ ló ti dé ibẹ̀, tuntun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ á gba ọ̀nà kan náà lọ bí ẹ kò bá dí orísun rẹ̀. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ń pọ̀ jù. Bó bá dúdú tó ń dán, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì.

Yíyọ rẹ̀ kò ṣòro: sípánà 22 ni ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó ní ojú tí wáyà lè gbà kọjá, kí páìpù náà sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí tó bá tutù tán, á di mọ́ra. Ẹ fi òróró anti-seize, tí kì í jẹ́ kí irin di mọ́ra, fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá jẹ́ pé kò bá a wá, kó má kan orí rárá. Ẹnu wáyà ńkọ́? Ẹ má fi gírísì sí i, ẹ má fín nǹkan kan sí i pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀, àárín wáyà yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé tó fi rí nǹkan tó máa fi wé ti èéfín.